Ọjọ́ Iṣẹ́ Kò Ṣeé Rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí àwọn ará Agbamu tó bá mi sọ ọ́: ìjà lórí iṣu ló pa èmi àti ọkọ mi pọ̀. Kì í ṣe iṣu gidi o. Iṣu orí ìwé ni, iṣu inú eré, tí ẹnikẹ́ni kò lè sè, tí ẹnikẹ́ni kò lè gún. Síbẹ̀ mo bá a jà lórí iṣu yìí fún oṣù mẹ́rin gbáko, n kò sì tíì fojú kàn án rí.

Ọdún 1982 ni. Tíṣà ni mí ní Agbamu, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, Wúlẹ̀mọ̀tù ọmọ Májẹ́kódùnmí àgbẹ̀. Àǹtí Janet, tó ní ilé ìkọ́ṣẹ́ táìpù ní Ọ̀mù-Àràn, ló dá eré kan sílẹ̀ fún àwa tí a fẹ́ràn lẹ́tà kíkọ. Àwa mẹ́wàá ni, ẹlòmíì wà ní Jọ́ọ̀sì, ẹlòmíì wà ní Èkó. Ìlú kan ni a jọ ń kọ́ lórí ìwé, Afìbòkọ́ ni a sọ ọ́. Lóṣooṣù, oníkálukú á dábàá òfin kan, á fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Janet. Òun á fi kábọ̀nù tẹ gbogbo rẹ̀, á dá a padà sí wa, àwa á dìbò. Òfin tó bá borí di òfin ìlú. Kódà, a lè dìbò láti yí bí a ṣe ń dìbò padà. Eré náà kò ní òpin, kò sì ní ọba.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni Ọlágúnjú kan ní Jọ́ọ̀sì dábàá pé kí ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan máa gba ẹgbẹ̀rún náírà lóṣooṣù. Ta ni kò ní dìbò fún un? Ayé epo là ń jẹ nígbà náà, a rò pé bí owó ṣe ń jáde nìyẹn. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, gbogbo wa ti di olówó ní Afìbòkọ́, a kò sì rí nǹkan kan rà, torí kò sẹ́ni tó gbin nǹkan kan. Eré kú. Àǹtí Janet kọ̀wé sí wa pé, "Ẹ ti fi owó pa ìlú yín. Ta ló lè bá mi ṣètò ọrọ̀ ajé mìíràn, tí kò ní sí owó níbẹ̀ rárá, kìkì ohun tó bá ti inú ilẹ̀ jáde?"

Èèyàn méjì péré ló dáhùn. Èmi, àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀wálé Awóyẹmí, ọmọ Èsìẹ́ tí wọ́n bí sí Èkó, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to rédíò. Àǹtí Janet ní kí àwa méjèèjì lọ panu pọ̀.

Ètò tirẹ̀ dára, n kò ní purọ́. Ó pín ilẹ̀ Afìbòkọ́ sí márùn-ún. Odò wà lápá kan, igi ìdáná wà lápá kan, ọ̀pẹ wà lọ́tọ̀, ilẹ̀ iṣu wà lọ́tọ̀, òkúta irin sì wà lórí òkè. Kò sẹ́ni tó ní gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rọ ọkọ́ á wá irin, á tún wá igi ìdáná. Ẹni tó ní iṣu tí kò ní omi, òùngbẹ á gbẹ ẹ́ títí á fi wá bá olódò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ètò rẹ̀, nǹkan kì í bàjẹ́. Èèyàn lè kó iṣu ọdún mẹ́ta pamọ́, kó sì máa wo àwọn ará ìlú bí wọ́n ṣe ń yán hànhàn.

Mo kọ̀wé sí i: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí iṣu rí? Èyí tó bá ti lo oṣù mẹ́fà nínú àká, ẹ jẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹrà."

Ó dá mi lóhùn: "Arábìnrin, kí ni iṣu mi ṣe yín tí ẹ fi ń bà á jẹ́?"

"Èmi kọ́. Iṣu ló ń bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá."

Inú bí mi. Mo fa bírò yọ: "Ìwọ ọkùnrin yìí, kò sí ẹni tó ń dúnàá-dúràá pẹ̀lú ìdíbàjẹ́!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pè é ní ìwọ nìyẹn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ tí lẹ́tà mi á dé.

Ìdá kan nínú mẹ́ta ni a fi sí i. Mo borí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ètò náà látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ihò ńlá kan ṣì wà níbẹ̀. Ta ló ń gbẹ́ irin? Ta ló ń ṣẹ́ igi? Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀wálé kọ́ odindi ìlú, ó gbàgbé ọwọ́ èèyàn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ bí bàbá mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe àáró: lónìí gbogbo wọn á kọ ebè lóko tìrẹ, lọ́la ìwọ náà á lọ sí tiwọn. Mo wá kọ òfin kẹtàdínlógún: "Ohun kẹfà ni ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ iṣẹ́ kò ṣeé rà, kò ṣeé tà, kò ṣeé kó pamọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan la fi ń san ọjọ́ iṣẹ́."

Nígbà tí ìwé náà padà dé, ó ti fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: "Kò sì sí ipò tó yọ ẹnikẹ́ni nínú sísan án, ì báà jẹ́ ọba." Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá kọ ọ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́: "Wúlẹ̀mọ̀tù, orí rẹ pé. Mo fẹ́ rí ojú tó wà lára orí náà."

Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń wo ara wọn. Mẹ́sàn-án nínú àwa mẹ́wàá ló dìbò fún òfin yẹn. Ọlágúnjú nìkan ni kò fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àjíǹde 1983 la ríra. Ìnáwó òkú bàbá àgbà rẹ̀ ló gbé wọn wá sílé láti Èkó. Ilé Àǹtí Janet ni a ti pàdé, mo sì ti há oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí tí n ó fi kí i. Nígbà tó wọlé, tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí bàtà rẹ̀ ń dán, gbogbo rẹ̀ pòórá lẹ́nu mi.

"Ìwọ lo ń ba iṣu jẹ́?" ló wí.

"Ìwọ lo rò pé iṣu dà bí òkúta?"

Àǹtí Janet ní, "Ẹ jókòó, ẹ má bá mi tú ilé ká." Ó sì jáde lọ wá nǹkan kan tí kò wá, torí ó lé ní wákàtí méjì kó tó padà. Kí ó tó dé, mo ti mọ̀ pé ẹni tí n ó fẹ́ nìyí. Mi ò ní fi iyọ̀ sí i: ó sọ ọ́ fún mi lójú kojú pé òun fẹ́ràn mi, èmi náà sọ ọ́ fún un.

Ọdún náà kò tíì parí tí nǹkan fi dojú rú. Epo kò pawó mọ́, ohun èlò rédíò kò wọlé láti òkè òkun mọ́, wọ́n dá àwọn tó ń to rédíò dúró níṣẹ́ lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ní January 1984, Ọlábọ̀wálé di ẹrù rẹ̀, ó wá sílé bàbá rẹ̀ ní Èsìẹ́, ilé tí wọn kì í gbé àfi tí ìnáwó bá dé. Oṣù náà gan-an ni Àǹtí Janet wọ ilé wa láti bá bàbá mi sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí alárenà.

Bàbá mi kò pariwo. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni, ohun tó mú kó ṣòroó bá jà nìyẹn.

"Ọmọ Awóyẹmí," ló wí. "Mo mọ bàbá rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n òun, ta ló mọ̀ ọ́n? Ọmọ Èsìẹ́ tí kò ní ẹgbẹ́ kankan ní Èsìẹ́. Mo gbọ́ pé eré lẹ́tà ni wọ́n jọ ń ṣe."

"Bàbá, ọmọ dáadáa ni," ni Àǹtí Janet wí.

"Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Janet, mo kọ ebè fún bàbá ìyá Wúlẹ̀ kí wọ́n tó fún mi níyàwó. Ogún èèyàn ni mo kó lọ. Kí òun náà ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún mi, ogún èèyàn. N kò bèèrè nǹkan mìíràn. Àbúdùlàhí ọlọ́kọ̀ láti Òkè-Ọdẹ ti ń tọrọ Wúlẹ̀ láti fẹ́, n kò tíì dá a lóhùn."

Ọjọ́ tí Àbúdùlàhí wọ ọ̀rọ̀ yẹn ni oorun fò lójú mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò kàn tíì kọ̀wé sí mi rí, kò sì mọ̀ pé iṣu ń bàjẹ́.

Ọlábọ̀wálé dá ọjọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sẹ́bàá oko wa, ogún ọkùnrin abarapá bọ́ sílẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ọkọ́. Inú mi dùn, mo fẹ́ fò. Bàbá mi wá dúró níwájú wọn.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ará Ṣàárẹ́ ni mí, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ìlọrin ni mo ti wá, sà."

Ó bi wọ́n títí dórí ẹni ogún. Kò mọ bàbá ẹyọ kan ṣoṣo. Ó wá ní, "Ta ló rán yín wá?" Èyí tó síwájú nawọ́ sí Ọlábọ̀wálé: "Ọ̀gá yìí ló háyà wa."

Bàbá mi ní kí ìyá mi gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹun tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má fọwọ́ kan ilẹ̀. Ó wá kọjú sí Ọlábọ̀wálé.

"Bí àìsàn bá kọlu ọmọ mi, ṣé àwọn yìí ni yóò gbé e débi ìtọ́jú? Bí ìjì bá ká òrùlé yín, ṣé wọ́n á wá? Owó tán ní Èkó, o padà wálé. Bí owó yìí náà bá tán, ibo lẹ óò lọ? Ogún èèyàn tí mo mọ bàbá wọn ni mo ń wí. Bó bá di oṣù Ọ̀wàrà tí wọn kò pé, n ó dá Àbúdùlàhí lóhùn."

Mo lé Ọlábọ̀wálé bá lójú ọ̀nà. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Òfin kẹtàdínlógún," ni mo wí. "Ta ló kọ ìlà tó gbẹ̀yìn rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ka òfin náà fún mi."

"Wúlẹ̀..."

"Kà á!"

Ó kà á, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lórí "kò ṣeé rà." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó rọ̀, tó ń to wáyà rédíò. Mo rò pé á sọ pé òun ń padà sí Èkó. Ọkàn mi ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ó ku oṣù méje sí Ọ̀wàrà," ló wí. "Ogún èèyàn, ogún ọjọ́ iṣẹ́. Má fẹ́ Àbúdùlàhí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Èsìẹ́ wá sí Agbamu, ó ń lọ sí Òkè-Onígbìn, ó ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe lónìí, ẹ̀yin náà á wá bá mi ṣe ní Ọ̀wàrà." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ Èkó, ọkọ́ kì í ṣe rédíò o!" Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó fi aṣọ dì í. Ebè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé wò, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló jẹ̀ kọjá lórí wọn. Ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá ti bá ṣe sẹ́yìn ìwé eré wa, níbi tí òfin kẹtàdínlógún wà, ó sì ń fi í hàn mí nílé Àǹtí Janet. Ní oṣù June, wọ́n di méje. Ní oṣù August, wọ́n di mẹ́rìnlá.

N kò ní sọ pé n kò ṣiyèméjì. Àbúdùlàhí wá kí wa lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìrẹsì wá lásìkò tí ìrẹsì ti di ohun ìtàn. Mo bi ìyá mi léèrè pé, "Ìyá mi, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìfẹ́ lòun ń ṣe ni, àbí agídí?"

Ìyá mi kò gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. "Ìgbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ, méjèèjì ni. Títí di òní, n kò tíì yà wọ́n sọ́tọ̀."

Ní August yìí kan náà, bàbá mi lọ tọ́jú ojú rẹ̀ ní Ìlọrin, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ tó dé, ó gba oko lọ tààrà, ó pẹ́ kó tó padà. Ó bi ìyá mi pé, "Ta ló kọ ebè ọ̀dùnkún mi?" Ìyá mi ní àwọn ẹgbẹ́ àáró rẹ̀ ni, ta ló tún lè jẹ́. Bàbá mi gbé ọkọ́ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ń wo igi rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fọ̀ ọ́.

Ọ̀wàrà dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a dá, mo ti dúró létí oko kí oòrùn tó yọ, Àǹtí Janet wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, lẹ́yọ lẹ́yọ, méjì méjì. Bàbá mi jókòó lórí igi tó wó, ó ń kí wọn.

"Ọ̀jẹ̀túndé, kú àárọ̀. Ìwọ náà?"

"Ó ṣe ọjọ́ kan fún mi, mo wá san án ni."

"Ọmọ Ràfátù nìyí. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ń kí yín, Bàbá."

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọlábọ̀wálé dúró lápá kan, ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, ó ń kà. Mo ń kà bákan náà. Mẹ́tàdínlógún. Méjìdínlógún. Mọ́kàndínlógún. A dúró. Oòrùn yọ. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Rúùtù sáré dé láti Òkè-Onígbìn, ó ń mí hẹlẹ: Adéoyè ọkọ rẹ̀ já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ lánàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. "Ó ní kí n bẹ̀ yín. Ó fẹ́ wá."

Ojú Ọlábọ̀wálé pọ́n. Oṣù méje, gbogbo ọwọ́ bíbó yẹn, ó ku ẹyọ ẹnì kan. Mo ki ọkọ́ kan mọ́lẹ̀.

"Èmi ni ẹni ogún," ni mo wí.

"Gbé ọkọ́ sílẹ̀," ni bàbá mi wí. "Ìyàwó kì í ṣe ọ̀wẹ̀ orí ara rẹ̀."

Ó dìde, ó yí padà, ó sì forí lé ọ̀nà ilé. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ, mo sì mọ̀ pé ó parí. Omijé ń dà lójú mi, n kò nù ún. Àǹtí Janet di ọwọ́ mi mú. Ọlábọ̀wálé kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ ti wá ná. Ẹ jẹ́ ká kọ ebè náà." Ó tẹ̀ ba, ó kọ ti àkọ́kọ́.

Wọn kò tíì dé àárín ilẹ̀ tí bàbá mi fi padà dé. Ó ti bọ́ agbádá, ó wọ ẹ̀wù oko, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ariwo ta.

"Háà! Bàbá, ó ti jẹ́? Bàbá ìyàwó kì í bá wọn ṣe ọ̀wẹ̀ àna ara rẹ̀!"

"Ẹ dákẹ́ ná." Ó fi ọkọ́ gún ilẹ̀. "Ìgbà tí mo lọ Ìlọrin, àáró kàn mí. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń sin òkú olóyè kan lábúlé, kò sẹ́nikẹ́ni tó wá. Mo dé, mo bá ogójì ebè nílẹ̀ lóko mi. Wọ́n wọ́, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára igi ọkọ́ mi. Ọ̀jẹ̀túndé tí a jọ pààlà sọ ẹni tó rí níbẹ̀ fún mi." Ó yíjú sí Ọlábọ̀wálé. "O kọ orúkọ àwọn ogún sílẹ̀. Kí ló dé tí o kò kọ tèmi?"

Ọlábọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. "Bàbá, ẹ kò bẹ̀ mí níṣẹ́. Mo rí i pé òjò ń bọ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ ni."

Ẹnì kan tún ní, "Síbẹ̀síbẹ̀, Bàbá, ipò yín..."

Àǹtí Janet gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn rẹ̀ dún jákèjádò oko: "Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan la fi ń san ọjọ́ iṣẹ́. Kò sì sí ipò tó yọ ẹnikẹ́ni nínú sísan án, ì báà jẹ́ ọba!"

Bàbá mi wò ó. "Ta ló sọ ìyẹn?"

"Àwọn ọmọ yín méjèèjì yìí ni wọ́n kọ ọ́, Bàbá. Ọdún kejì rèé. Nínú eré lẹ́tà."

Bàbá mi mi orí. "Eré yẹn mà gbọ́n," ló wí. Ó wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlábọ̀wálé, ó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí ebè yóò wà, ó tẹ̀ ba, ó fa ilẹ̀ jọ. Ebè tirẹ̀ rí rogodo, ti Ọlábọ̀wálé náà sì ti fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó ka àwọn tó wá bá Ọlábọ̀wálé ṣe láti ìkangun kan dé ìkejì, ó fi ara rẹ̀ sí i.

"Ogún," ló wí. "Wúlẹ̀, o dúró síbẹ̀ tí ò ń sunkún? Bu omi wá."

Mo sáré bu omi. Mo kúnlẹ̀, mo kọ́kọ́ gbé e fún bàbá mi, ó mu. Lẹ́yìn náà mo gbé igbá náà fún ọkọ mi.